Ọ̀mùtí, Mọ́tò Bàbá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Bódìjà gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wálé, ọ̀kan nínú àwọn gàgàrà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun. Mo wà lókè ní bálíkónì, mò ń ṣa ìrẹsì, nígbà tó ṣáná sí i. Ìró ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò jọ ti àwọn mọ́tò ìsinsìnyí tí wọ́n máa ń kùn sínú bí ìyàwó tí ọkọ bí nínú. Ìró tó wúwo ni, ó ń mi dígí fèrèsé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, ìrẹsì ti dànù, mo sì ti di irin bálíkónì mú.

Ọmọ náà rò pé mo wá kan sáárá sí òun ni. Ó kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun kò mọ̀ pé bó ṣe máa mu epo tó nìyí, pé láti Bódìjà dé Ṣálẹ́ńjì, òun ń fojú ara òun rí i bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo ní kó má bínú, mo wọlé lọ jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo rántí, Sàídátù lorúkọ rẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Owó epo rọ̀bì tí wọ́n ti ń ná bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ ti wálẹ̀, ìjọba sì ní kí gbogbo ará ìlú fún àmùrè mọ́nú. Àwa tí àmùrè wa kò dẹ̀ rí tún fún un sí i. Òpópónà kan tó yà kúrò ní Ríngì Róòdù, nítòsí Ṣálẹ́ńjì, ni ilé wa wà. Ìdílé Sàídátù ló ni ilé náà. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, Mùsùlùmí láti ìran dé ìran. Àwọn baba ńlá wọn ti ni ilẹ̀ yẹn nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Àwa, ará Ṣakí ni wá, onítẹ̀bọmi, yàrá méjì la sì háyà. Ìyá Sàídátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlhájà, kò fìgbà kan jẹ́ kó hàn sí wa pé ayálégbé ni wá. Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, tiwa wà níbẹ̀. Bí Kérésì bá dé, màmá mi kì í gbé ìkòkò kaná láì ka ilé wọn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa kó pákó láti ọjà pákó Bódìjà fún àwọn káfíńtà apá ọ̀dọ̀ wa. Díákónì ni, ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mọ́ gbogbo àdúgbò nínú láti máa pe mọ́tò rẹ̀ ní Ọ̀mùtí. Àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà ló fi píkọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kẹ́rù wọn lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, nítorí pé ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ wálé ní irú àsìkò yẹn, àlejò tí kì í yó ló gbà sílé. Bàbá mi rà á nítorí ó lágbára, ó sì gùn lẹ́yìn, pákó kì í yọ jù níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń béèrè láàárọ̀ pé, Díákónì, ṣé Ọ̀mùtí ti jí, á fajú ro, á ní píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ò lè mọ ìyà tí ọkùnrin yẹn fi jẹ ara rẹ̀ kí epo má baà tán. Ìlú tó kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Ìbàdàn, bàbá mi sì mọ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹní mọ àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bó bá ti gun òkè kan dórí, á yọ jíà sí fírì, á jẹ́ kí mọ́tò máa yọ́ lọ títí yóò fi sú mọ́tò náà fúnra rẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀nà ìlọ yàtọ̀ sí ọ̀nà àbọ̀, ó ní ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ nígbà àlọ, òkè ni yóò jẹ́ nígbà àbọ̀. Ó tú rédíò kúrò. Ó tú irin ẹ̀yìn kúrò. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ àti táyà tí ó yẹ kó wà fún ọjọ́ ìṣòro sílẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé, pé ẹrù lásán ni wọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi, obìnrin tí Ọlọ́run fún ní ara dáadáa, wá láti Ṣakí, tó sì ní kó gbé òun dé Dùgbẹ̀, bàbá mi kí wọn tìfẹ́tìfẹ́, ó yẹ́ wọn sí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bí táyà ẹ̀yìn ṣe rẹlẹ̀ tó. Màmá mi bínú títí di ọjọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ ahun kọ́ ni. Sàídátù ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọ̀rẹ́ mi jà, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú kí eegun roni títí omijé yóò fi gbẹ. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n mo fi orí kan ga jù ú lọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì tínrín. Ẹnu rẹ̀ ló fi lágbára. Kò lè bá wa sáré, àmọ́ òun ló máa ń jókòó sórí pèpéle tí yóò máa dájọ́ ẹni tó sáré jù, bí ẹ bá sì jiyàn, á fi ọ̀rọ̀ sọ yín di ìhòòhò. Bí àìsàn yẹn bá dé, kò sí tákísí tó máa ń dúró fún ẹni tó ń ké. Ọ̀mùtí ló máa ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n dé láti ibẹ̀, Sàídátù sùn sí èjìká ìyá rẹ̀, bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

“Àlhájà, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń gbé ilé yìí, epo ò ní tán nínú mọ́tò yìí.”

Àlhájà kàn ń mi orí ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi gba kúùtẹ̀ pupa, ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, lọ́wọ́ àbúrò màmá mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì fi fa ìlà tín-ín-rín sójú ibi tí mọ́tò ti ń fi ìwọ̀n epo hàn. Ohun tó bá wà lókè ìlà yẹn, ti pákó ni. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti Sàídátù ni. Bí ọwọ́ ìwọ̀n bá ti kan ìlà pupa, iṣẹ́ parí nìyẹn, kódà kí káfíńtà wá dọ̀bálẹ̀. Mo ti rí i rí tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìjọsìn, tí mọ́tò jókòó sílé pẹ̀lú epo nínú. Sàídátù nìkan ló lè pe mọ́tò náà ní Ọ̀mùtí kí bàbá mi má fajú ro. Láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á béèrè lójú fèrèsé pé, “Bàbá, ṣé Ọ̀mùtí mi ti yó?” Bàbá mi á ní ó ti yó, á sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni epo wá wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń sùn sí ilé epo. Mọ́tò tò láti ìhín dé ọ̀hún, àwọn onímọ́tò á máa tì í díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà ṣáná sí i. Bàbá mi dúró, dúró, ó ra ìwọ̀nba tó rí, ó sì rí i pé bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe ń mu ún, epo Sàídátù lásán kò ní gbé wọn lọ kó sì gbé wọn bọ̀ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló lọ bá mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá, Ọ̀gá Múfú, tó lókìkí pé ó lè kọ́ mọ́tò kí ó máa gbààwẹ̀. Ó tú kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnì, ó fi ẹyọ wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun dí ojú ihò tí epo ń gbà, kó lè máa kán dípò kó máa ṣàn. Ó ní Ọ̀mùtí ti ronúpìwàdà. Bàbá mi wà á bọ̀ wálé pẹ̀lú ayọ̀, mọ́tò ṣófo, ọ̀nà sì dagẹ̀rẹ́. Ó pe màmá mi wá wo ọwọ́ ìwọ̀n epo, pé kò kúrò níbi tó wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ta ló rí ẹ̀yìn ẹ̀fà?

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sátidé kan, òtútù mú gan-an, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, igbe Sàídátù la gbọ́. Irú igbe yẹn kò tíì wáyé rí. Bàbá mi ti sáré dé ìdí mọ́tò kí Àlhájà tó gbé e jáde. Ọ̀mùtí jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ìwọ̀n epo wà lókè ìlà pupa dáadáa, mo rí i, bàbá mi sì fi ìka kàn án kó lè dá a lójú. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi sí iwájú lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Níbi yìí, ẹ̀yin tí ẹ kò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ní sùúrù kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, bí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ilé kì í jókòó. Ẹni tó bá jókòó, ó ti fi hàn pé ọmọ náà kò kan òun nìyẹn. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà gùn, ibẹ̀ ni gbogbo ilé sì wọ̀. Ìyáálé Àlhájà, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè. Màmá mi tẹ̀ lé wọn, wọ́n pọn àbúrò mi sẹ́yìn. Àwọn àbúrò bàbá Sàídátù wọ̀ ọ́, àwọn ayálégbé wọ̀ ọ́, obìnrin tó ń din àkàrà lójú títì fi epo sílẹ̀ lórí iná, òun náà wọ̀ ọ́. Èmi náà gùn ún. Ó rẹlẹ̀ lẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bàbá mi yọrí lójú fèrèsé, ó wò wá lọ, ó wò wá bọ̀. Ọkùnrin tí kò lè gbé àpótí irinṣẹ́ nítorí epo! Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé? Ṣé ìyáálé ni, àbí ìyàwó tirẹ̀? Báwo ni ayálégbé ṣe máa sọ fún onílé pé kó má bá ọmọ rẹ̀ lọ? Ó fa orí rẹ̀ padà, ó sì wa mọ́tò lọ.

A dé Dùgbẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí ọ̀nà gbà fún un. Nígbà tó kọjú sí òkè Mọ́kọ́lá ni ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Ó kọ́kọ́ ń wúkọ́. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó fò, ó kàn ń gbọ̀n ni. Epo wà nínú táńkì, ó ń mì pọ́pọ́ lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n ihò tí yóò gbà dé ẹ́ńjìnì ti kéré ju ohun tí ẹrù àti òkè ń béèrè lọ. Ní ìdajì òkè, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹnì kan sáré fi òkúta dí táyà.

Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mọ ibi tí wáyà náà wà, ó nawọ́ sí i, kò sì sí ohun tí yóò fi tú u, nítorí àpótí irinṣẹ́ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Ríngì Róòdù. Ó ń fi èékánná họ irin gbígbóná yẹn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. N kò gbàgbé rẹ̀ láéláé. Nínú mọ́tò, Sàídátù ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju igbe lọ. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àwọn Hausa tó ń bọ̀ láti Sábó rí wa, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n fi èjìká tì í pẹ̀lú wa láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyáálé tí ẹsẹ̀ ń dùn gan-an gbé ọwọ́ lé e. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, a tì í dórí òkè. Nígbà tó dé ibi tó tẹ́, tó sì ku bàbá mi àti àwọn méjì iwájú nìkan nínú rẹ̀, ó lọ. Àwa yòókù fẹsẹ̀ rìn lé wọn.

Wọ́n gbà á wọlé láàyè. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, Sàídátù kú.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí nígbà tí wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Inú bí mi sí òwe náà. Àwa méjì péré la wà, a kò pé ogún, a kò sì tíì ṣeré tó. Títí di òní, kò sí dókítà tó sọ fún wa bóyá ìdúró orí òkè ló pa á, tàbí pé bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Bàbá mi kò nílò dókítà. Ó ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Kò jẹun dáadáa, kò fọwọ́ kan mọ́tò, ó máa ń jókòó lórí pèpéle tí Sàídátù máa ń jókòó sí, á wá tún dìde bí ẹni tí wọ́n lé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó mú èmi àti màmá mi dání lọ sí pálọ̀ Àlhájà. Ó kúnlẹ̀. N kò rí bàbá mi kó kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí. Ó sọ ọ̀rọ̀ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Ó ní kí wọ́n gba mọ́tò náà, kí wọ́n tà á, kí wọ́n dáná sun ún, ohun tó bá wù wọ́n, pé òun ló fi ọwọ́ ara òun dí ọ̀nà ọmọ wọn.

Ojú Àlhájà ti wọnú. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ròkè.

“Díákónì, wáyà yẹn nìkan kọ́. Gbogbo wa la wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún lẹ́yìn mi, inú mi sì ń dùn pé ọmọ mi léèyàn. Ta lẹ fẹ́ kí n mú?”

Bàbá mi ń sunkún. Màmá mi náà ń sunkún. Àlhájà mú kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi, wọ́n sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

“Ẹ lọ yọ wáyà yẹn kúrò. Ọmọ ẹlòmíràn wà nílé yìí.”

Ó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀mùtí padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń mu epo láìláàánú. Oṣù díẹ̀ kọjá, gìrì mú ọmọ ìyàwó kan tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi ṣáná sí mọ́tò. Gbogbo ilé sáré jáde bí a ṣe máa ń sáré jáde, a dé ìdí mọ́tò, a sì dúró. Ẹnikẹ́ni kò pa á láṣẹ. Màmá mi ti gbé ọwọ́ lé etí ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì tún gbé ọwọ́ náà kúrò. Bàbá mi gbójú sókè sí dígí, ó ń retí kí mọ́tò rẹlẹ̀ lẹ́yìn. Kò rẹlẹ̀. Ó jáde ní géètì pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ṣófo, gbogbo wa tò sí ojú títì, a ń wò ó lọ, Àlhájà wà láàárín wa, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ọmọ yẹn yè. Ó ti lọ́mọ báyìí, Àpáta ló ń gbé.

Nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin náà ń rí i. Bàbá mi ti sùn, Àlhájà ti sùn, irin Ọ̀mùtí ti lọ síbi tí irin ń lọ. Ẹran Iléyá ṣì ń wá sílé mi láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn, n kò sì jẹ́ jẹ Kérésì láì ránṣẹ́ sí wọn. Ìyẹn kò tíì kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mọ́tò kékeré kan tí kì í mu epo ni ọmọ wa fi gbé wa. A gun òkè Mọ́kọ́lá bí ẹni ń fò. Kò sẹ́ni tó dúró sí ojú títì wò wá lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a jáde. Géètì kálukú ti ga ju kí aládùúgbò rí ẹni lọ.

Mo mọ ohun tí ìwúwo àwọn èèyàn fi ojú wa rí lórí òkè yẹn. Ẹkún rẹ̀ ni mo ṣì ń sun. Síbẹ̀, bí orí ọkọ mi ṣe wà ní itan mi nínú mọ́tò ọmọ wa, mo yíjú wo ẹ̀yìn, ó sì wù mí kí n rí ẹnì kan níbẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, bí mọ́tò tilẹ̀ máa wúwo.